Ṣé Ráútà Nìkan Ni Yóò Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé Wa?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í rí ibi wọ̀. Òwe àwọn baba wa yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo gba lẹ́tà kan láti ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ti fi owó oṣù rẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sí ilé. Orí ẹ̀rọ náà ni ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò sí. Inú rẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ wà. Òun náà ni ó fi ń bá ìyá rẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ó lọ sí àdúgbò Akwa láti ra módẹ́mù kékeré tí yóò fi máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ń tajà wí fún un pé kọ̀ǹpútà tí kò ní ráútà dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, àti pé bí kò bá ra ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn olè yóò ti kó gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Owó tí ó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìwé ọmọ méjì. Tíṣà wa ra módẹ́mù, ó fi ráútà sílẹ̀, ó padà sílé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó wá kọ̀wé béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni ọkùnrin yìí sọ, tàbí ó kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi ni?"

Mo ti fún un ní èsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ní Kútọnu àti Lomé, ìbéèrè kan náà ni ó ń da ọ̀pọ̀ olórí ilé láàmú. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí á gbé e kalẹ̀ ní gbangba, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó rò ó. Ráútà wúlò, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ilé kò ní láti ra ráútà nítorí ààbò nìkan, bí ó bá ti ṣe àwọn ohun mélòó kan tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé kí ènìyàn ra ráútà, kí ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí ó wá máa sùn bí ẹni tí kò ní ọ̀tá mọ́ láyé.

Kí ni ráútà? Ẹ jẹ́ kí á fi agboolé Yorùbá àtijọ́ ṣe àpèjúwe. Agboolé ńlá a máa ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, yàrá a sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àlejò tí ó wà ní ìgboro mọ orúkọ agboolé náà, ṣùgbọ́n kò mọ yàrá tí Àjàyí ń sùn. Bí Àjàyí bá rán ọmọ níṣẹ́ jáde, oníbodè tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò fi ojú sí i. Nígbà tí èsì bá sì dé, yóò ní, "Èsì iṣẹ́ tí Àjàyí rán ni èyí," yóò sì darí rẹ̀ sí yàrá Àjàyí. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, oníbodè kò ní mọ yàrá tí yóò mú un lọ. Yóò dá a padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ráútà ń ṣe. Nọ́ńbà àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ mọ́ ilé. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé ní nọ́ńbà tiwọn, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tí kò ní ìtumọ̀ kankan ní ojú ọ̀nà ìta.

Ó dára kí á mọ̀ pé kì í ṣe nítorí olè ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n yìí. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń pín nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mú ju 4,294,967,296 jáde, ó sì hàn sí àwọn onímọ̀ pé iye yìí kò ní tó gbogbo ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994 ni wọ́n tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè wà lẹ́yìn nọ́ńbà kan; ní oṣù kejì ọdún 1996 ni ìwé mìíràn tẹ̀ lé e, tí ó fi ìdí àwọn nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún inú ilé múlẹ̀. Ọ̀wọ́n nọ́ńbà ni ó bí ọgbọ́n náà. Ààbò jẹ́ èrè tí ó bá a wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tí a kò ṣe fún ogun lè dá ọfà kan tàbí méjì dúró, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di asà.

Síbẹ̀síbẹ̀, kí á má fi iṣẹ́ oníbodè ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún 2003. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Blaster bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ayé. Kò dúró de ẹni tí yóò ṣí lẹ́tà, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kàn ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn ni. Bí ó bá bá kọ̀ǹpútà Windows tí kò tíì gba àtúnṣe pàdé, tí ẹ̀rọ náà sì dúró ní tààrà sí ojú ọ̀nà ìta, ó wọlé. Ẹ̀rọ a sì máa kú, a tún máa jí fúnra rẹ̀, olówó rẹ̀ a sì máa wò ó láìmọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lẹ́yìn ráútà ní àkókò náà, lọ́pọ̀ ìgbà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ogun jà. Láti inú ìyà ọdún náà ni ọ̀rọ̀ tí olùtajà Akwa ń sọ ti wá. Òótọ́ ọdún 2003 ni ó ń tà ní owó òde òní.

Kí ni ó ti yí padà láti ìgbà náà? Ohun mẹ́ta ni.

Ekínní, àwọn tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows XP, nínú èyí tí ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní fáyáwọ́ọ̀lù, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án. Láti ọjọ́ náà ni yàrá kọ̀ọ̀kan nínú agboolé ti ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ yìí náà a máa dá àlejò tí a kò pè padà, bí oníbodè ti ń ṣe.

Èkejì, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra wọn ti di oníbodè. Níwọ̀n bí nọ́ńbà ti wọ́n, wọ́n a máa kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sẹ́yìn nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó fi módẹ́mù kékeré bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Douala, ì báà jẹ́ ti MTN tàbí ti Orange, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti wà nínú agboolé ńlá kan kí ó tó ronú kan ráútà rárá. Lóòótọ́, kò mọ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú agboolé náà, ìdí sì nìyí tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu yàrá rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ sùn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ráútà lọ́wọ́ tí a kò mọ̀. Fóònù tí ènìyàn fi ń fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ráútà ni ó ń ṣe. Òun ni ó ń gba nọ́ńbà kan láti ìta, tí ó sì ń pín nọ́ńbà inú ilé fún ẹ̀rọ tí ó bá so mọ́ ọn. Bí olùtajà náà bá jẹ́ olódodo, kò bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ tíṣà wa bí fóònù rẹ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù ni èyí: irú olè wo gan-an ni ó ń jà wá lónìí? Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Olè òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣí i fún òun. Yóò kọ lẹ́tà tí ó jọ ti báńkì, yóò ní kí á tẹ ibi kan. Yóò fi ara pamọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà tí a rà ní ẹ̀dà jìbìtì nítorí pé ojúlówó rẹ̀ wọ́n. Yóò gun orí ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré tí àwọn tíṣà ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láti ilé-ìwé kan dé èkejì. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí kòkòrò Conficker, tí ó jáde ní ọdún 2008, gbà tàn kálẹ̀. Yóò pe ìyá oníṣòwò lórí fóònù, yóò ní òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí i, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kí ni oníbodè rí? Ó rí i pé láti inú ilé ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe àlejò, ó sì jẹ́ kí ó wọlé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Oníbodè kì í tú agbọ̀n wò.

Ẹ tún wo èyí. Ráútà kì í bá kọ̀ǹpútà àgbéká rìn. Nígbà tí tíṣà bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, tàbí tí ó bá jókòó ní ilé oúnjẹ kan ní Bonapriso tí ó sì lo Wi-Fi wọn, oníbodè rẹ̀ wà ní ilé, ó ń ṣọ́ tábìlì òfìfo. Ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni ó bá a jáde.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ẹnu ọ̀nà tí ó lágbára tó ni gbogbo ọ̀rọ̀, kí ó rántí ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, nígbà tí kòkòrò WannaCry kọlu kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150, tí ó ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀, tí ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàìní oníbodè. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò náà bá ti rí ẹ̀rọ kan wọ̀, ó ń kọjá láti yàrá dé yàrá nínú agboolé kan náà. Èyí tí ó dunni ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ì bá dí ihò náà jáde láti ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún kan náà. Bí oṣù méjì ni àwọn ènìyàn ní láti fi gbà á. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ tí kò gbọ́n ni ó pa.

Ní Douala fúnra rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Eneo, ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín iná mànàmáná fún ilẹ̀ Kamẹrúùnù, kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé wọ́n kọlu ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà òun. Ta ni yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ráútà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dìde sí mi. Wọn yóò ní, "Ilé wo ni ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lónìí?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì gbà fún wọn. Ní Bonamoussadi tàbí Makepe, ìdílé kan lè ní fóònù márùn-ún, kọ̀ǹpútà méjì, tẹlifísàn tí ó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àti kámẹ́rà tí ó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Tẹlifísàn àti kámẹ́rà kì í sábà ní ẹ̀ṣọ́ tí ó gbọ́n nínú ara wọn. Bí a bá gbé wọn síta láìsí oníbodè, ẹran ìdẹ ni wọ́n. Ilé bẹ́ẹ̀ nílò ráútà, ilé-ìwé sì nílò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀ṣọ́ méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, bí owó bá wà. Ohun tí èmi kò gbà ni pé kí á fi ìbẹ̀rù gba owó ìwé ọmọ lọ́wọ́ òbí, kí á má sì sọ fún un pé oníbodè fúnra rẹ̀ lè di ọ̀dàlẹ̀.

Bí oníbodè ṣe ń di ọ̀dàlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà ṣe kòkòrò kan tí a mọ̀ sí Mirai. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó ń wá kiri. Kámẹ́rà àti ráútà inú ilé ni. Kò ní agbára àràmàǹdà kan. Ìwé kékeré kan ni ó mú lọ́wọ́, tí orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ó lé ní 60 wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ èyí tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti fi sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí àwọn tí ó rà á kò sì yí padà. Ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan yóò fi ṣí. Nígbà tí ètò náà bọ́ sí ìta, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mú un, ó fi kó ogun ẹ̀rọ jọ, ó sì kọjú rẹ̀ sí Lonestar, ilé-iṣẹ́ fóònù ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, tí ó sì ń san owó fún un lóṣooṣù, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ń bá Lonestar díje. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ogun náà pọ̀ dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú lọ́wọ́ àwọn ará Làìbéríà. Ní oṣù kan náà, ráútà bí 900,000 ní ilé àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì yarọ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìyá kan ní ìlú òkèèrè gbé kámẹ́rà tàbí ráútà sí ilé rẹ̀ kí olè má baà jà á. Kò yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ohun tí ó rà fún ààbò di ọmọ ogun tí ó ń ba orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kan jẹ́, òun kò sì mọ̀. Nítorí náà, ráútà tí a kò tọ́jú kì í ṣe ohun tí kò ṣe rere tí kò sì ṣe ibi. Ibi ni.

Kí wá ni kí á ṣe? Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá fáyáwọ́ọ̀lù inú rẹ̀ wà ní títàn. Kí ó máa gba gbogbo àtúnṣe bí wọ́n bá ti ń jáde, kí ó má sì sọ pé wọ́n ń jẹ dátà. Oúnjẹ ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó ṣì ń lo Windows 10, kí ó mọ̀ pé Microsoft ti dá ìtọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dúró láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, kí ó sì tètè wá ọ̀nà mìíràn. Kí ó má fi ètò jìbìtì sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ó ní ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní ibòmíràn tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà náà, pàápàá ìwé ìdánwò àti máàkì. Bí ó bá wà ní gbangba tí ẹ̀rọ sì béèrè irú ibi tí ó wà, kí ó dáhùn pé ibi gbogbogbò ni.

Ẹni tí ó bá ní ráútà, tàbí tí ó fẹ́ rà á, iṣẹ́ tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá gbé e délé ni kí ó yí páswọ́ọ̀dù méjèèjì padà: èyí tí a fi ń wọ Wi-Fi, àti èyí tí a fi ń pàṣẹ fún ráútà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa rántí ti àkọ́kọ́, wọ́n a sì gbàgbé èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Kí ó yan ìdáàbòbò WPA2 tàbí WPA3 fún Wi-Fi rẹ̀. Kí ó ti ọ̀nà tí ènìyàn fi lè pàṣẹ fún ráútà láti ìta. Kí ó máa béèrè àtúnṣe fún un, kí ó sì yọ ọ́ kúrò bí àwọn tí ó ṣe é bá ti pa á tì. Bí ó bá ní àlejò tàbí ayálégbé tí wọ́n jọ ń lò ó, kí ó ya ọ̀nà tiwọn sọ́tọ̀. Ohun mìíràn tí ó tún yẹ kí á fi kún un ni pé nọ́ńbà tuntun tí wọ́n ń pè ní IPv6 ti ń wọlé, nínú èyí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀. Níbẹ̀, ìfarapamọ́ kò sí mọ́. Bí a kò bá pàṣẹ fún oníbodè kí ó dá àlejò padà, yóò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ó ku ẹnu ọ̀nà kan tí ó tóbi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, òun ni ó sì yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ baba wọn máa ronú lé. Oníbodè ń ṣọ́ ilé. Ta ni ó mú kọ́kọ́rọ́ ìlú lọ́wọ́? Okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2002, gúnlẹ̀ sí Douala bí ó ti gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, òun àti àwọn okùn mẹ́ta mìíràn bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwa tí a rò pé ọ̀tọ̀ ni ilé wa ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù, okùn kan náà ni ó so wá pọ̀.

Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 2017, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní agbègbè Àríwá-Ìwọ̀-oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń fi ẹ̀hónú hàn. Kò padà títí di ọjọ́ 20, oṣù kẹrin: ọjọ́ 93. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú Buea ń wọ ọkọ̀ lọ sí Douala kí wọ́n tó lè rí iṣẹ́ wọn fi ránṣẹ́. Ráútà tí ó dára jù lọ láyé kò lè ṣe wọ́n ní oore kankan.

Àwọn ará Douala ti mọ irú ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 1884, àwọn ọba wọn, Bell àti Akwa, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì, wọ́n sì fi sínú àdéhùn náà pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí àti oko tí wọ́n ń dá yóò máa jẹ́ tiwọn. Kò pé ọgbọ̀n ọdún tí ìjọba Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò lórí rẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell, ọba tí ó kàwé ní Jámánì, tí ó sì gbà pé òfin yóò gbe òun, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, wọ́n yẹgi fún un. Èmi kò fi ráútà wé ikú ọba. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ẹlòmíràn mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ onílé yangàn.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ekínní wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba wa. Kamẹrúùnù ti ṣe òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ 21, oṣù kejìlá, ọdún 2010. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015. Ìyà tí yóò jẹ olè lẹ́yìn tí ó bá ti jalè tán ni apá tí ó pọ̀ jù nínú irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ta ráútà, kámẹ́rà tàbí irú ẹ̀rọ ilé bẹ́ẹ̀ tí ó ní páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ènìyàn, èyí tí olè lè rò tì. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa: ẹ̀rọ tí kò dára tó láti wọ Lọ́ńdọ̀nù, kí ni ó sọ ọ́ di èyí tí ó dára tó láti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Douala tàbí ti Àpápá? Òfin kúkúrú kan tó. Kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀, yóò sì ṣe wá ní oore ju ọgọ́rùn-ún ìkìlọ̀ lọ.

Èkejì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tíṣà. Bí ẹ ti ń kọ́ ọmọ pé kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, ẹ kọ́ ọ pé kí ó yí páswọ́ọ̀dù padà, kí ó gba àtúnṣe, kí ó má sì tẹ ohun tí kò mọ̀. Wákàtí kan nínú sáà kan tó fún un. Ẹ fi èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ kọ́ ọ, kí ó lè gbé ẹ̀kọ́ náà délé, nítorí pé nínú ilé ni olè ti ń rí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ìwé ìlànà tí ó wà nínú páálí ráútà kì í sọ Yorùbá, kì í sì í sọ Duala. Ẹ̀yin ni ẹ óò sọ ọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi tíṣà, mo kọ̀wé sí i pé kí ó fi owó ìwé àwọn ọmọ ra ìwé fún àwọn ọmọ. Mo ní kí ó wo fáyáwọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ó gba àtúnṣe rẹ̀, kí ó sì ṣe ẹ̀dà máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí ó tó sùn. Ó dá mi lóhùn pé òun ti ṣe é, àti pé nígbà tí òun wo ẹ̀rọ náà, oṣù mẹ́jọ ni àtúnṣe ti ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì béèrè pé bí òun bá wá ra ráútà lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà tí ẹ̀rọ sì pọ̀ nínú ilé, kí ni kí òun kọ́kọ́ ṣe. Mo ní kí ó kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.